Ọba Tó Sùn Nílé Màmá Šustrová

Ní ìlú Vrchotín, níbi tí mo ti gbé fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún, bí ilé bá ṣe dàgbà tó la ṣe ń bọ̀wọ̀ fún un tó. Ènìyàn nìkan ni a kì í ṣe irú ẹ̀ fún. Bí ẹ bá rò pé mò ń ṣàsọdùn, ẹ fara balẹ̀ kí ẹ gbọ́ ohun tí ojú Màmá Drahomíra Šustrová rí lọ́dún tí ìjọba ìlú sọ ilé rẹ̀ di ibùgbé ọba, tí wọ́n sì torí ọba náà fẹ́ lé e jáde.

Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ni Dókítà Vítězslav Pivoňka, ọ̀gá àgbà Ọ́fíìsì Ilé Àtijọ́. Ọkùnrin náà kò ga, kò kúrú; lójú ara rẹ̀ nìkan ló ti ga ju ilé agogo ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Ó kàwé. N kò ní torí pé mo fẹ́ fi í ṣẹ̀fẹ̀ kí n wá sọ pé kò kàwé. Ó gba oyè dókítà, ó gba oyè ẹnjiníà, ó sì fẹ́ gbọ́ méjèèjì lẹ́nu ẹnikẹ́ni tó bá kí i. Ní aago mẹ́jọ àárọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ á tò sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ní, "Ẹ káàárọ̀ o, Ọ̀gá Dókítà Ẹnjiníà!" Bí ẹnì kan bá gbàgbé ẹnjiníà, Pivoňka á wo ojú rẹ̀ bí ẹni tó ń wo fèrèsé tí wọn kò nù, á sì kọjá lọ. Lọ́jọ́ kan, ìyàwó rẹ̀ pè é lórí fóònù, ó pariwo pé, "Víťo, ra mílíìkì bọ̀ o!" Gbogbo òṣìṣẹ́ gbọ́ orúkọ tí wọ́n ń pè é nílé. Láti ọjọ́ náà lọ, tí fóònù bá ti dún, ó di dandan kí gbogbo wọn jáde síta.

Igbákejì rẹ̀ ni Hynek Lízal. Ní èdè ibí, orúkọ yẹn túmọ̀ sí "ó lá nǹkan." Kì í ṣe èmi ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ o, àwọn bàbá ńlá rẹ̀ ló fi sílẹ̀ fún un. Bí Pivoňka bá sín, Lízal á ní irú sísín bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n ní gbogbo ilẹ̀ Yúróòpù. Ẹnì kan tó tún yẹ kí ẹ mọ̀ níbẹ̀ ni Zbyněk Hrubý, tó ń tọ́jú àwọn ìwé àtijọ́ ìlú nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀. Hrubý kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Á kọ́kọ́ wúkọ́, kó tó wúkọ́ tán, á ti rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò ní wúlò, á sì gbé e mì.

Ìgbà ìrúwé ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará Podhájí, ìlú tó múlé gbè wá, àwọn tí a kò lè rí sójú láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe bọ́ọ̀lù sáyé, kan wàláà idẹ mọ́ ilé kan, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọdún 1402 ni wọ́n kọ́ ọ. Kíá, àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í fi bọ́ọ̀sì wọ́ lọ síbẹ̀. Wọ́n ń ya fọ́tò, wọ́n sì ń mu bíà Podhájí, bíà tó jẹ́ pé téèyàn bá fi í ṣan ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ á bínú.

Olórí ìlú wa, Ìyáàfin Otýlie Marešová, pe ìpàdé ìgbìmọ̀. Obìnrin tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń ṣe ṣókí ni.

"Dókítà, ọdún wo ni wọ́n kọ́ ilé tó dàgbà jù lọ́dọ̀ tiwa?"

Pivoňka dìde, ó tún táì rẹ̀ ṣe. "Ìyáàfin Olórí Ìlú, ẹ̀yin àgbààgbà ìgbìmọ̀, kí tilẹ̀ ni ọdún? Kí ni ilé? Ṣé òkúta ló ń ka ọjọ́ ni, àbí ọjọ́ ló ń ka òkúta? Bí mo bá dúró níwájú ògiri Vrchotín, èmi a máa bi ara mi pé..."

Ogún ìṣẹ́jú kọjá. Ó ṣì ń bi ara rẹ̀.

"1516," Hrubý sọ láti ẹ̀yìn, ó sì wúkọ́.

Podhájí fi ọdún mẹ́rìnléláàádọ́fà jù wá lọ! Ojú ti àwọn àgbààgbà ìgbìmọ̀ bí ẹni pé àwọn gan-an ni wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó kọ́lé.

"Dókítà," ni Olórí Ìlú wí, "ẹ bá wa wá nǹkan ṣe sí i."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé yìí, ẹ wò ó dáadáa. Ẹni tó bá lọ́gbọ́n á dáhùn pé ọjọ́ orí ilé kì í ṣe òrùlé tó ń jò, téèyàn lè wá nǹkan ṣe sí. Pivoňka ní, "Ẹ fi sílẹ̀ fún mi."

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló fi ń gun àjà ilé kiri, òun àti Lízal, tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Wọ́n rí ìtẹ́ ẹyẹlé, wọ́n rí bàtà ogun àtijọ́, wọ́n rí ìgò ọtí tí ọkọ kan fi pamọ́ fún ìyàwó, ìyàwó ilé náà sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Wọn kò rí ọdún kankan. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, wọ́n dé ilé kẹrìnlá ní òpópónà Rybí, ìyẹn òpópónà ẹja.

Ilé Màmá Šustrová nìyẹn. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni màmá yìí, opó Jaroslav Šustr tó ń ṣe káfíńtà. Ilé náà kéré, ó tẹ̀ díẹ̀ bí àgbà tó ń wá nǹkan nílẹ̀. Ní ẹ̀yìn rẹ̀ ni ilé ìdáná kan wà tí kò ní àjà, tó jẹ́ pé gbogbo òkè rẹ̀ ni ihò èéfín, tí èéfín ti kun ògiri rẹ̀ dúdú tó ń dán bíi bàtà ṣọ́jà. Pivoňka yọjú wo ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó fi áńkáṣíìfù bo imú, ó sì gun àkàbà lọ sókè.

Lórí ìtì igi kan lábẹ́ òrùlé, ó rí nọ́ńbà mẹ́rin tí wọ́n fi irin gbígbóná tẹ̀ síbẹ̀: 1327.

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín ọdún mẹ́wàá, Dókítà Pivoňka sọ̀rọ̀ ṣókí.

"Lízal, kúnlẹ̀."

Lízal kúnlẹ̀. Ìṣó gún un lórúnkún.

"Kí lo rí?"

"Ohun tí ẹ̀yin náà rí ni, Ọ̀gá Dókítà Ẹnjiníà," ni Lízal wí, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Pivoňka rò pé nítorí ìtàn ni.

Màmá Šustrová pariwo láti ìsàlẹ̀ àkàbà: "Ṣé nọ́ńbà orí igi yẹn lẹ rí? Ọ̀gá, ẹ gbọ́ o, ọkọ mi ló..."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́! Ìtàn ń bá mi sọ̀rọ̀ lọ́wọ́."

"Kò burú. Tó bá sọ tán, ẹ sọ fún un pé mo wà nísàlẹ̀."

Ní ọjọ́ kejì, Pivoňka dúró níwájú ìgbìmọ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì bíi pé ó fẹ́ gbé ọmọ jó. "Ẹ̀yin ará! Ta ló lè kọ nọ́ńbà sára igi ní ọdún 1327? Ẹni tó mọ̀wé ni. Àwọn wo ló mọ̀wé nígbà náà? Àlùfáà àti ọba. Ṣé àlùfáà á lọ gbé ní òpópónà Rybí, níbi tí òórùn ẹja ti ń pa ènìyàn? Kò jẹ́ jẹ́ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ọba ló sùn níbẹ̀!"

Àtẹ́wọ́ ta. Hrubý wúkọ́. "Òórùn ẹja ọ̀hún kò wá dààmú ọba?"

"Ọ̀fìnkìn ń ṣe ọba lọ́jọ́ náà," ni Pivoňka dáhùn láìṣẹ́jú.

"Ọba wo?" Olórí Ìlú béèrè.

"Ọba ṣáà ni, Ìyáàfin. Orúkọ rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn."

"Kò sí ìwé kankan nínú gbogbo ohun tí mò ń tọ́jú tó sọ ọ́," ni Hrubý wí.

"Ẹ ṣé gan-an!" Pivoňka nawọ́ sí i bí ẹni tí ẹlẹ́rìí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. "Ohun tí kò jẹ́ kó sí nínú ìwé ni pé àṣírí ni ìrìn-àjò náà. Bó bá wà nínú ìwé, á jẹ́ pé irọ́ ni!"

Wọ́n yan ẹni méje láti wá orúkọ ọba rí. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n pàdé, wọ́n jẹ àkàrà dídùn koláč tó tó igba, ohun kan ṣoṣo tí wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan lé lórí ni pé ọba náà ní irùngbọ̀n.

Àṣẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde bíi tata. Ọkùnrin tó bá ń kọjá níwájú ilé kẹrìnlá, kó ṣí fìlà. Kí ẹnikẹ́ni má sá aṣọ sí òpópónà Rybí mọ́, nítorí pé ṣòkòtò abẹ́ kò yẹ ojú ọba. Ajá tó bá tọ̀ sára ògiri náà, kí olówó rẹ̀ kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀, ẹ̀dà méjì, ọ̀kan fún ọ́fíìsì, ọ̀kan fún ọba. Kí wọ́n kun gbogbo ilé òpópónà náà ní àwọ̀ tí ọba fẹ́ràn. Nígbà tí kò sí ẹni tó mọ àwọ̀ náà, wọ́n wo táì Pivoňka, wọ́n rí i pé àlùkò ni, gbogbo Rybí sì di àlùkò. Ẹni tó bá mutí yó tó wọ ibẹ̀ lọ́jọ́ náà á rò pé inú ìgò wáìnì lòun wà.

Nílé ọtí, àwọn ènìyàn ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Ṣé o ti kí ọba lónìí?" "Mo kí i, kò dáhùn." "Ọ̀fìnkìn ṣì ń ṣe é ni." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á tún bíà gbé. Àmọ́ mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́: àwa tí à ń rẹ́rìn-ín náà ń ṣí fìlà bí a bá dé ibẹ̀. Ó rọrùn ju kíkọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ lọ.

Ẹ̀rín náà gbẹ lọ́jọ́ tí lẹ́tà dé ọwọ́ Màmá Šustrová. Wọ́n fi òǹtẹ̀ oníwúrà tẹ̀ ẹ́, Pivoňka sì fọwọ́ sí i níbi mẹ́rin. Ó ní kí "Ìyáàfin D. Šustrová, ẹni tó ń lo ibùgbé ọba lọ́wọ́lọ́wọ́," kó jáde kó tó di ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ. Wọn yóò fún un ní yàrá kan ní àjà keje ilé alájà pípọ̀ létí ìlú. Ilé ìdáná ẹ̀yìn, "tí kò ní iyì kankan nínú ìtàn," wọn yóò wó o kí oṣù náà tó parí, kí àtẹ̀gùn ọba lè gba ibẹ̀ kọjá. Lókè àtẹ̀gùn náà ni wọn yóò gbé àwòrán ọba kọ́ sí, àti ti Dókítà Pivoňka. Ti Pivoňka ló máa tóbi jù, torí pé tirẹ̀ ni wọ́n mọ ojú rẹ̀.

Màmá Šustrová wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó lọ sí ọ́fíìsì. Wákàtí méjì ló fi jókòó sórí àga onígi. Lízal wá sọ ọ́ sí i létí pé, "Màmá, ẹ má gbàgbé o, Ọ̀gá Dókítà Ẹnjiníà lẹ máa pè wọ́n."

"Ọ̀gá Dókítà Ẹnjiníà," ni màmá wí bó ṣe wọlé, "ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ igi yẹn ni mo bá wá. Ọkọ mi ló..."

"Màmá, ọdún mélòó lẹ ti ń gbé ilé yẹn?"

"Ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta. Ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé ni mí nígbà tí mo wọ ibẹ̀."

"Ẹ wò ó!" Pivoňka rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́, bí olùkọ́ tó ń ṣàánú ọmọ tí kò mọ ìṣirò. "Ilé náà ti lé ní ẹgbẹ̀ta ó lé àádọ́rin ọdún. Kí ni mọ́kànlélọ́gọ́ta nínú ẹ̀? Ẹ má bínú o, màmá, ẹ kàn yà síbẹ̀ ni."

Màmá wo ọ́fíìsì náà yíká: àga aláwọ, àwòrán Pivoňka mẹ́ta lára ògiri.

"Ẹ̀yin náà ńkọ́, ọmọ mi? Ṣé ẹ kò kàn yà síbí ni?"

Pivoňka kò gbọ́. Ó ń wá báírò tó máa fi kọ ọ́ pé òun ti gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀.

Nígbà tí màmá délé, ó jókòó sí ilé ìdáná dúdú yẹn. Ibẹ̀ ló ti máa ń wẹ ọmọ rẹ̀ méjèèjì nínú ọpọ́n. Ibẹ̀ ni Jaroslav ti máa ń gbẹ́ ṣíbí onígi nígbà òtútù, tí á máa ju èérún rẹ̀ sínú iná. Ó rò pé ẹkún máa wá, ẹkún kò wá. Ìbínú ló wá, bẹ́ẹ̀ ó ti pẹ́ tó ti bínú kẹ́yìn, kò mọ ohun tó máa fi í ṣe. Ló bá mú áyù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé e.

Ní ọjọ́ Ajé, Matouš Kubát, ọ̀gá àwọn tí ń wólé, dé pẹ̀lú ọmọọṣẹ́ méjì. Òòlù ńlá wà léjìká wọn. Ojú tì í láti wọlé.

"Màmá, ẹ dákun, wọ́n ní ká wá wó ilé ìdáná."

"Mo gbọ́, ọmọ mi. Ọbẹ̀ mi ni kò tíì jinná."

"Ìgbà wo ló máa jinná?"

"Ẹ sọ òòlù yẹn kalẹ̀, ẹ wá bá mi tọ́ ọ wò."

Ọbẹ̀ áyù ni, pẹ̀lú ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ àti búrẹ́dì dídín. Wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n ní iyọ̀ kù díẹ̀. Ó fi iyọ̀ sí i, wọ́n tún tọ́ ọ wò. Ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú. Ní ọjọ́ kejì, knedlík, òkèlè ìyẹ̀fun bíbọ̀, ló wà lórí iná, pẹ̀lú ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti kábéèjì. Ta ló máa wólé lórí ìkòkò tó ń hó? Lízal pe Kubát lórí fóònù.

"Ṣé iṣẹ́ ń lọ?"

"Ó ń lọ, Ọ̀gá. Àmọ́ iṣẹ́ náà le."

"Kí lẹ ti wó?"

"A ti wó knedlík méjìdínlógún," ni Kubát wí, ó sì pa fóònù.

Ó yẹ kí Pivoňka wá wo iṣẹ́ fúnra rẹ̀, àmọ́ kò ráàyè. Ó ń kọ́ bó ṣe máa sọ̀rọ̀ níwájú dígí. Àwọn ará Podhájí ló bí i nínú: wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé bó bá dá Vrchotín lójú, kí wọ́n pe àwọn tó ń ka ọjọ́ orí igi. Pivoňka fèsì pé òun á pè wọ́n, pé lójú gbogbo ayé lòun á sì ti ṣí èsì náà. Kódà ó kéde rẹ̀ lórí rédíò.

Lízal, tí orúnkún rẹ̀ kò tíì jinná, gbìyànjú láti gbà á nímọ̀ràn. "Ọ̀gá Dókítà Ẹnjiníà, bí àpòòwé èsì náà bá dé, ṣé kò ní dáa ká kọ́kọ́ yọjú wo inú ẹ̀?"

"Lízal, ṣé ọba máa ń yọjú wo adé rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e lé e lórí?"

Ẹni tó wá ka igi náà ni Dókítà Kamila Vrbová, láti ìlú ńlá Brno. Ọ̀dọ́bìnrin ni, tó wọ bàtà olóko, tí kò tilẹ̀ fẹ́ kí wọ́n pe òun ní dókítà. Ó ní igi máa ń ka ọdún rẹ̀ sínú, òrùka kan fún ọdún kan, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà á rí ọdún tí wọ́n gé e. Hrubý ló mú un wá. Ó gun àjà, ó fi irin gígùn lu igi náà, ó fa ọ̀pá igi kan jáde tó tẹ́ẹ́rẹ́ bíi pẹ́ńsù. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, òórùn ọbẹ̀ gbá a mú.

"Ẹ wọlé wá jẹun, ọmọ mi," ni màmá wí. "Ẹ tẹrí ba o! Igi ẹnu ọ̀nà yẹn ti gbá mi lórí fún ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta."

Kamila tẹrí ba, àmọ́ kò wọlé. Ó dúró sábẹ́ àtérígbà ilé ìdáná náà, ó fi ọwọ́ pa á, ó fi èékánná ha èéfín orí rẹ̀. Ó wo bí wọ́n ṣe fi àáké gbẹ́ ẹ.

"Màmá, igi yìí jọ mí lójú. Ṣé mo lè lu òun náà?"

"Ẹ lù ú. Ó tọ́ sí i."

Hrubý wúkọ́. Lọ́jọ́ yẹn, kò gbé ọ̀rọ̀ náà mì. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ̀wé sí Dókítà Pivoňka pé kó wá wo ilé ìdáná yìí. Ó ní òórùn áyù ń dí òun lọ́wọ́."

Wọ́n jẹun. Kamila béèrè lọ́wọ́ màmá pé kí ló mọ̀ nípa igi àjà tó ní nọ́ńbà. Màmá sọ fún un. Òun lẹni àkọ́kọ́ tó jẹ́ kó sọ ọ́ délẹ̀.

Ọjọ́ ìkẹyìn oṣù kẹjọ bọ́ sí ọjọ́ Ìsinmi. Òpópónà Rybí kún fọ́fọ́. Ẹgbẹ́ onífèrè wà níbẹ̀, Olórí Ìlú wà níbẹ̀, wọ́n sì pe olórí ìlú Podhájí kó lè wá fojú ara rẹ̀ rí ìtìjú. Lízal ló ṣe ọba. Wọ́n fi irùngbọ̀n òwú sí i lágbọ̀n, wọ́n gbé e gun ẹṣin, ẹṣin náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ òdòdó tí wọ́n fi ṣe ibẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́.

Pivoňka sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta. Ó sọ nípa òkúta, ó sọ nípa àkókò, ó sọ nípa ara rẹ̀. Ó wá ya àpòòwé náà, ó sún mọ́ makirofóònù, ó fi ohùn tí àwọn tó wà létí odò gbọ́ kà á:

"'Ìtì igi àjà, tí wọ́n tẹ 1327 sí lára!' Ẹ̀yin ará Podhájí, ẹ gbọ́ o! 'Igi yìí, ìgbà òtútù ọdún 1951 ni wọ́n gé e.'"

Ẹnu rẹ̀ ti kà á tán kí ọpọlọ rẹ̀ tó dé ibẹ̀. Onífèrè kan tí kò gbọ́ dáadáa fọn fèrè. Lẹ́yìn náà, ẹnu ẹṣin tó ń jẹ òdòdó nìkan la ń gbọ́.

"Àṣìṣe ìtẹ̀wé," ni Pivoňka wí. "Òǹtẹ̀wé ló..."

Màmá Šustrová dìde lórí àpótí tó jókòó lé. "Ọmọ mi, ṣé ìtàn ti sọ tiẹ̀ tán? Ṣé kí n wá sọ tèmi?"

"Ẹ sọ ọ́, màmá!" ni Kubát pariwo láàárín èrò.

"Ní ọdún 1971, ààrá sán lu òrùlé wa, ó jó. A kò rí igi rà. Oko àjùmọ̀ní ń wó ilé ẹlẹ́dẹ̀ wọn àtijọ́ nígbà yẹn, ni Jaroslav mi bá lọ bẹ̀ wọ́n, wọ́n fún un ní igi mẹ́fà. Gbogbo ẹ̀ ló ní nọ́ńbà lára, káwọn èèyàn má bàa jí i. 1322 títí dé 1327. Àwọn márùn-ún yòókù ṣì wà lókè yẹn, kò sẹ́ni tó wò wọ́n. Kò sí ọba tó sùn lábẹ́ ẹ̀ o. Ẹlẹ́dẹ̀ ló sùn lábẹ́ ẹ̀."

Ẹ̀rín tó bú jáde lọ́jọ́ náà, n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí ní Vrchotín. Olórí ìlú Podhájí rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀. Lízal rọra ń yọ irùngbọ̀n lágbọ̀n, díẹ̀díẹ̀, bóyá ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀ pé òun lòun wà lórí ẹṣin.

"Ẹ gba ìwé yẹn lọ́wọ́ Dókítà," ni Ìyáàfin Marešová wí. Òun fúnra rẹ̀ ló ka ìyókù. "'Àtérígbà ilé ìdáná: ọdún 1388.'"

Ẹ̀rín dúró. Àwọn ènìyàn ń fi ìka ṣírò. Ọdún mẹ́rìnlá la fi ju Podhájí lọ! Ariwo ayọ̀ ta, fìlà ń fò lójú ọ̀run, olórí ìlú Podhájí sì dìde nílẹ̀, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Pivoňka ṣáà tún wú. Ó na ọwọ́ méjèèjì. "Ẹ rí i báyìí! Kí ni mo ti ń sọ láti ọjọ́ yìí? Ilé yìí ni mo nawọ́ sí! Ilé yìí kan náà!"

"Ẹ dúró ná," ni Olórí Ìlú wí. "Ilé ìdáná wo nìyí?"

"Èyí tí wọ́n ní ká wó ni, Ìyáàfin," ni Kubát dáhùn, ó yọ ìwé iṣẹ́ náà lápò, òǹtẹ̀ wúrà rẹ̀ ń tàn yòò nínú oòrùn. "Knedlík màmá ni kò jẹ́ ká ráàyè."

Hrubý wúkọ́, ó fi ẹ̀dà ìwé mẹ́ta tó kọ sí Pivoňka lé Olórí Ìlú lọ́wọ́. Ìyáàfin náà kà wọ́n níkọ̀ọ̀kan, kò kánjú. Ó wá gbójú sókè.

"Ọ̀gbẹ́ni Pivoňka," ó ní.

Kò fi dókítà sí i. Gbogbo wa la gbọ́.

Ní ìlú wa, a kì í lé ọ̀mọ̀wé kúrò lẹ́nu iṣẹ́, a máa ń rọra gbé e sọ̀ kalẹ̀ ni. Wọ́n fi Hrubý ṣe ọ̀gá Ọ́fíìsì Ilé Àtijọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, Lízal ti ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé irú ikọ́ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n ní ilẹ̀ Yúróòpù. Wọ́n fagi lé lẹ́tà tí wọ́n kọ sí màmá, wọ́n dá aṣọ sísá padà sí òpópónà Rybí, àwọ̀ àlùkò nìkan ni kò tíì ṣí títí di òní olónìí, ọ̀dà náà dáa. Pivoňka bọ́ sí yàrá abẹ́ ilẹ̀, wọ́n fún un ní fọ́ọ̀mù tó tó ẹgbẹ̀rin, wọ́n ní kó máa lọ láti ilé dé ilé, kó bi àwọn tó ń gbé ibẹ̀ léèrè ohun tí wọ́n mọ̀.

Oṣù méjì gbáko ló fi yẹra fún òpópónà Rybí. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oṣù kọkànlá, tí òjò olótùútù ń rọ̀, ó kan ilẹ̀kùn ilé kẹrìnlá.

"Ẹ wọlé, ọmọ mi. Ẹ bọ́ bàtà. Ẹ jókòó."

Ó jókòó sétí iná. Ó tẹ́ fọ́ọ̀mù sórí itan, ó ka ìbéèrè àkọ́kọ́ láìwo ojú màmá. "Ta ló kọ́ ilé ìdáná yìí?"

"N kò mọ̀ o."

Pivoňka gbé báírò sókè. Màmá rí i bí àyà rẹ̀ ṣe ń wú, bí ojú rẹ̀ ṣe ń lọ sókè sínú ihò èéfín, bíi pé ó rí ìjòyè kan tó ń gun ẹṣin bọ̀ níbẹ̀. "Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé..."

Màmá kàn ń wò ó.

Ó pa ẹnu dé. Ó tẹ̀ síwájú, ó kọ ọ́ sínú àlàfo náà, jẹ́jẹ́, bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé: A kò mọ̀. Ó wo ọ̀rọ̀ náà títí. Kò tíì kọ irú ẹ̀ rí láyé rẹ̀.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni màmá wí. "Ìkejì ńkọ́?"

"Àwọn wo..." Ó gbé fọ́ọ̀mù náà sún mọ́ ojú. "Àwọn wo ló ti ń gbé ibẹ̀, kí ni wọ́n sì ń ṣe?"

"Háà! Ìyẹn ni mo mọ̀." Màmá fa àga sún mọ́ ọn, ó bẹ̀rẹ̀ látorí ìyá ọkọ rẹ̀ tó ń ta ẹja. Pivoňka ń kọ ọ́. Fọ́ọ̀mù náà kún, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ sójú, ẹ̀yìn náà kún, màmá kò tíì dé orí ọdún tí wọ́n bí ọmọ àkọ́kọ́. Ó wò yíká.

"Màmá, ẹ dákun, ẹ fún mi ní bébà."

Kò sí bébà ìkọ̀wé nílé. Màmá gbọn èérún búrẹ́dì kúrò lára bébà tí wọ́n fi dì í, ó fi ọwọ́ tẹ́ ẹ kó dán, ó fún un, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.